Ohun Tí A Kò Tà, Tí Ó Sì Ń Mówó Wọlé

Bí ènìyàn bá ti Dópẹ̀mú wọ Àkówọnjọ, tí ó sì doríkọ Ẹgbẹ́dá, yóò gba Ṣáṣá kọjá, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò wọ́n níbẹ̀: aránṣọ ń bẹ, onírin ń bẹ, àwọn tí ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe sì ń bẹ pẹ̀lú tábìlì wọn lẹ́bàá títì. Bí obìnrin kan bá gbé àǹkárá lọ bá aránṣọ, tí ó sì nàka sí bùbá kan nínú àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri pé irú rẹ̀ ni òun ń fẹ́, kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí ó ni bùbá. Bùbá kò ní ẹni kan pàtó tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n gé lè gé e, ẹni tí ó bá fẹ́ yí ọrùn rẹ̀ padà lè yí i padà. Síbẹ̀, aránṣọ ń gba owó, ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ, ó sì ń gba ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀. Ọwọ́ tí ó mọ bí apá ṣe ń bá èjìká mu ni a ń sanwó fún.

Ohun tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nídìí kọ̀ǹpútà. Bí a bá sọ fún wọn pé àwọn kan wà ní ayé tí wọ́n ṣe sọ́fítíwíà, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn máa lò ó, kí wọ́n máa dà á kọ, kí wọ́n sì máa tún un ṣe, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde ní ẹnu wọn ni pé: kí ni àwọn yẹn ń jẹ? Ìbéèrè náà tọ́, ìtàn sì ti dáhùn rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà dé Èkó lọ́nà tí ó pọ́n ni lójú, ó sì yẹ kí a tọpasẹ̀ rẹ̀.

Ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ni a ń pè ní sọ́fítíwíà. Ènìyàn ni ó ń kọ ìlànà náà, ní èdè tí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lè kà. Lẹ́yìn náà ni a ó yí i padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Ẹni tí ó bá gba èyí tí a ti yí padà nìkan dà bí ẹni tí a bu ọbẹ̀ fún tí a kò sọ èèlò rẹ̀ fún: ó lè jẹ ẹ́, kò lè sè é. Ẹni tí ó bá gba àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ láti tún un kọ ti di alásè. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pe irú sọ́fítíwíà kejì yìí ní orúkọ kan tí ó dàrú mọ́ wọn lójú, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti fún ẹni tí kò sí nínú ìdè. Ìdàrúdàpọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn kan wá orúkọ tuntun ní ọdún 1998, tí wọ́n pè é ní open source. Yorùbá kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí a wá pe ẹbí àti ará jọ láti gbàdúrà fún, kò gba nǹkan ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ náà. Àwọn òbí rẹ̀ tilẹ̀ náwó sí i. Òmìnira ni ó gbà, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa dá iṣẹ́ náà ṣe láìtún tọrọ àṣẹ. Sọ́fítíwíà olómìnira ni ó yẹ kí a máa pe irú èyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, sọ́fítíwíà kì í ṣe ọjà rárá. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ńlá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ IBM, tàbí tí ó yá a lò, ń gba sọ́fítíwíà àti oníṣẹ́ tí yóò tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969 ni IBM kéde pé òun yóò máa dá owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Láti ìgbà náà ni sọ́fítíwíà ti ń di ohun títà, tí àwọn tí ń tà á sì ń ti ìlẹ̀kùn ìdí rẹ̀ pa.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, bá ìlẹ̀kùn títì yìí pàdé níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Bébà a máa há mọ́ ẹ̀rọ náà, Stallman sì fẹ́ tún sọ́fítíwíà rẹ̀ kọ kí ó lè máa ké sí àwọn tí ń dúró dè é. Ó béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in ní yunifásítì mìíràn, onítọ̀hún sì fi í dù ú nítorí pé ó ti fọwọ́ sí ìwé ìpamọ́ra. Ọ̀rọ̀ bébà há-mọ́-ẹ̀rọ lásán ni, ṣùgbọ́n ó bí ohun ńlá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde pé òun yóò ṣe odindi sọ́fítíwíà olómìnira kan tí òun pè ní GNU. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 1984, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Báwo ni ó ṣe jẹun? Ó ń ta tẹ́ẹ̀pù tí ó da iṣẹ́ rẹ̀ kan, Emacs, kọ sí, ní 150 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rẹ́ tí ó ti ní i lè dà á kọ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí kò ní, tàbí tí kò fẹ́ wàhálà, ni ó ń sanwó tẹ́ẹ̀pù.

Òwò kékeré ni ìyẹn. Àwọn tí ó sọ ọ́ di òwò gidi ni Michael Tiemann, John Gilmore àti David Henkel-Wallace, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Cygnus sílẹ̀ ní Kalifóníà ní ọdún 1989. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà nílò sọ́fítíwíà kan, èyí tí ń yí àkọsílẹ̀ ènìyàn padà sí èdè ẹ̀rọ, kí ó lè bá ẹ̀rọ tuntun wọn mu. Ti GNU wà nílẹ̀, ó dára, kò sì sí owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú un bá ẹ̀rọ tuntun mu, tí yóò sì dáhùn nígbà tí ó bá kọṣẹ́? Cygnus ni. Ìwé àdéhùn ìtọ́jú ni wọ́n ń tà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní ọdún 1991, tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, gbé Linux jáde. Red Hat tí ó dìde ní ọdún 1993 kọ́kọ́ ń ta Linux nínú páálí bí ẹni ń ta ìwé, lẹ́yìn náà ni ó yí ọ̀nà padà, tí ó ń gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí báńkì ń fi owó náà rà ni ẹni tí yóò gbé ìpè ní aago méjì òru. Ní ọdún ìṣúná tí ó parí ní oṣù Kejì ọdún 2012, owó tí ó wọlé fún Red Hat kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní ọdún 2019, IBM rà á ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. IBM kan náà tí ó kọ́kọ́ ya sọ́fítíwíà nípá kúrò lára ẹ̀rọ ní ọdún 1969 ni ó wá san owó tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìtọ́jú sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ.

Ọ̀nà kò jìn láti Ṣáṣá sí òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà. Ilé gbígbé ni àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó kángun sí ọdún 2000 ni ọjà kọ̀ǹpútà gba ibẹ̀ kan, tí ó sì tàn dé àwọn òpópónà tí ó wà ní àyíká rẹ̀, títí tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n sí Computer Village. Ó fẹ̀ débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣètò láti kó o lọ sí Kátángówà, ní ìhà Abúlé Ẹ̀gbá.

Ẹni tí ó bá wo Ọ̀tìgbà dáadáa yóò rí i pé Èkó ti ń jẹun lórí ìtọ́jú kọ̀ǹpútà tipẹ́. Ọmọkùnrin kan á dé láti ìlú rẹ̀, á di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, á máa gbá ṣọ́ọ̀bù, á máa ra oúnjẹ, á sì máa fojú kọ́ṣẹ́. Á mọ bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, bí a ṣe ń fi ohun èlò láti ara òkú ẹ̀rọ mẹ́ta jí ọ̀kan dìde, bí a ṣe ń nu ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù tí a sì ń tún Windows gbé kalẹ̀ sínú rẹ̀ lákọ̀tun. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ni a ń pè ní fọ́máàtì, owó rẹ̀ sì ni ó ń sanwó oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀. Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tí ń san owó Windows fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Díìsìkì tí a dà kọ láìgba àṣẹ ni. Ẹgbẹ́ àwọn olùta sọ́fítíwíà tí ń jẹ́ BSA ṣírò rẹ̀ ní àwọn ọdún náà pé nínú ọgọ́rùn-ún sọ́fítíwíà tí a ń lò ní Nàìjíríà, ó lé ní ọgọ́rin tí kò ní ìwé àṣẹ. Olùtajà ni ó ṣe ìṣirò náà, nítorí náà ó tọ́ kí a fi ìṣọ́ra gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ọ̀tìgbà rí kò ní jiyàn púpọ̀.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà olómìnira ṣòroó yé Èkó. Àwọn oníwàásù rẹ̀ ń pariwo pé kò sí owó lórí Linux. Oníṣẹ́ Ọ̀tìgbà fetí sí wọn, ó sì béèrè pé: èló ni mo ń san lórí Windows tẹ́lẹ̀? Ọ̀fẹ́ kò dá a lọ́rùn, nítorí ó ti ń jẹ ọ̀fẹ́. Òmìnira ni a kò sọ fún un. A kò sọ fún un pé ohun tí ó ń tọ́jú lójoojúmọ́ jẹ́ ohun tí òfin kò fún un láyè láti ṣí ìdí rẹ̀, pé títí tí yóò fi darúgbó, pípa rẹ́ àti títún gbé kalẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ yóò mọ. Ọmọ iṣẹ́ tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀tìgbà ń lọ sìn lábẹ́ ọ̀gá mìíràn tí kò rí rí.

Àwọn kan gbìyànjú. Mark Shuttleworth, ará Gúúsù Áfíríkà, tí ó dá ilé-iṣẹ́ Canonical sílẹ̀ ní ọdún 2004, fi orúkọ Áfíríkà sọ Linux tirẹ̀, Ubuntu. Láti ọdún 2005 títí di ọdún 2011, ẹni tí ó bá béèrè a máa gba díìsìkì rẹ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ láìsan owó bébà tàbí ti ìfiránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà sì béèrè. Ilé-iṣẹ́ Leapsoft ní Nàìjíríà tilẹ̀ gbé Linux kan jáde tí wọ́n pè ní Wazobia, kí ọmọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò lè rí èdè tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò gbilẹ̀. Díìsìkì nìkan kò lè dá iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní ìlú.

Ọdún 2007 ni ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀rọ tí wọ́n sì yàn ni Classmate, kọ̀ǹpútà kékeré tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe fún ọmọdé. Iye rẹ̀ jẹ́ 17,000. Àpò kan ń bẹ lábẹ́ àjọ NCC tí à ń pè ní USPF, èyí tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá sílẹ̀ kí ìbánisọ̀rọ̀ lè dé ibi tí oníṣòwò kì í fẹ́ dé. Àpò yìí ni yóò san owó 11,000 nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ilé-iṣẹ́ Technology Support Center ni agbaṣẹ́ṣe. Sọ́fítíwíà tí wọ́n yàn ni Linux ti Mandriva, ilé-iṣẹ́ ará Faransé kan.

Mandriva kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní orúkọ Mandrakesoft; ní ọdún 2003 ó sá di ilé-ẹjọ́ kí àwọn tí ó jẹ lówó má baà wó o palẹ̀; ní ọdún 2005 ó para pọ̀ mọ́ Conectiva ti orílẹ̀-èdè Brasil, ni ó bá yí orúkọ padà. Irú iṣẹ́ Nàìjíríà yìí gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Linux tí ó wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé ni yóò rán ní ìránkurán tí yóò bá Classmate mu, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń wọn ara oníbàárà, iṣẹ́ àti ìtọ́jú ni yóò sì gba owó lé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún náà, François Bancilhon, ọ̀gá àgbà Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft. Ó ní àwọn ti dúnàádúrà, àwọn ti gba iṣẹ́ náà, àwọn ti mú sọ́fítíwíà bá ẹ̀rọ mu, ẹ̀rọ sì ti gbéra. Àfi bí oníbàárà ṣe dédé sọ pé òun yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n òun yóò yọ ọ́ kúrò, òun yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ó bi Ballmer léèrè, pẹ̀lú ìbínú tí kò fi pamọ́, ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn náà tí ọkàn wọn fi yí padà.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí àwọn akọ̀ròyìn IDG fi gbé ìròyìn jáde pé Microsoft ń jíròrò lórí àdéhùn kan tí yóò fún agbaṣẹ́ṣe náà ní 400,000 dọ́là, fún ìpolówó tí yóò yí àwọn kọ̀ǹpútà náà ká nígbà tí wọ́n bá ti di ti Windows. Microsoft sọ pé ìjíròrò náà kò tíì parí. Láìpẹ́ sí i, ẹnìkan tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní USPF sọ ní tirẹ̀ pé Mandriva ni àwọn yóò lò lórí 11,000 tí owó àwọn ra.

Bí a bá pín 400,000 dọ́là sí ọ̀nà 17,000, ó lé díẹ̀ ní dọ́là 23 lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Bill Gates ti kéde ní ìlú Beijing pé Microsoft yóò máa ta Windows àti Office fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ní dọ́là mẹ́ta péré. Ẹ gbé mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ 23. Ọlọ́jà tí ó mọ ìṣirò kì í fẹ́ ná dọ́là 23 nítorí kí ó lè ta ohun dọ́là mẹ́ta, àfi bí kì í bá ṣe ohun náà ni ó ń tà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá fi Windows kọ́ kọ̀ǹpútà yóò béèrè Windows ní ọ́fíìsì nígbà tí ó bá pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun náà ni yóò gbé ẹ̀rọ lọ fún oníṣẹ́ tí ó mọ Windows. Ohun tí ó wà ní orí ìwọ̀n ní ọdún 2007 ni ogún ọdún ìtọ́jú tí ń bọ̀.

Àríyànjiyàn náà gba ojú ìwé ìròyìn kan ní Paris àti ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa owó ẹ̀yìn, àwọn kan fi Nàìjíríà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè tí ó kan Alímọ̀ṣọ́ jù lọ kò jáde ní ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wọn: bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà bá kọṣẹ́ ní ọdún 2009, ta ni yóò tún un ṣe? Ẹ wo ọ̀gá ilé-ìwé kan tí Classmate mẹ́wàá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí mẹ́ta dákú. Kò ní fi ìwé ránṣẹ́ sí Faransé. Yóò dì í sínú àpò, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Oníṣẹ́ náà yóò wo ojú rẹ̀, yóò rí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ọ, yóò sì nawọ́ mú díìsìkì Windows láti inú àpótí. Ìdájọ́ tí Mandriva rí gbà ní Àbújá yóò di òfo lórí tábìlì kan lẹ́bàá títì, láìsí ẹni tí ó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ó yẹ kí iye kan nínú owó iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ kéré, ti lọ sí ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ Ọ̀tìgbà, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣí Linux wò. Nínú gbogbo ariwo ọdún náà, ẹrù tí a rà ni a gbọ́, a kò gbọ́ orúkọ oníṣẹ́.

Mandriva kò pẹ́ láyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, wọ́n tú u ká. Ṣùgbọ́n ibi tí sọ́fítíwíà olómìnira ti yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀ nìyí. Láti ọdún 2010, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣàìsàn, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí a dá dúró ti kó àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ náà, wọ́n sì ti fi dá Mageia sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní olè, nítorí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ilé wó, àwọn tí ó mọ inú ilé kó igi àjà rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò mọ inú rẹ̀ ni ó pàdánù, ì báà jẹ́ pé òun gan-an ni ó sanwó ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn wọ Èkó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tí ó ti Làìbéríà bọ̀ gbé àrùn Ebola wọ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yóò fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà, ogún ènìyàn ni ó mú, mẹ́jọ ni ó pa. Ohun tí ó dá a dúró ni ẹsẹ̀ rírìn: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa àwọn tí ó fara kan aláìsàn, tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn lójoojúmọ́. Ìwé kíkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dà wọ́n láàmú. Láti inú ìṣòro yìí ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí Helmholtz ní ìlú Braunschweig ní Jámánì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà, ti hun sọ́fítíwíà kan tí wọ́n pè ní SORMAS. Ní ọdún 2015 ni wọ́n dán an wò ní Kánò àti ní Ọ̀yọ́. Orí ìpìlẹ̀ sọ́fítíwíà títì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un kọ ní olómìnira, kí orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè lò ó láìtọrọ àṣẹ. Nígbà tí mọ́ńkípọ́ọ̀sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2017, àjọ NCDC ti Nàìjíríà lò ó, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn ká gbogbo ìpínlẹ̀.

Ó wá di ọdún 2020, àrùn Kòrónà dé Jámánì. Àwọn ọ́fíìsì ìlera ìbílẹ̀ níbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fáàsì àti bébà ṣọdẹ àrùn, gẹ́gẹ́ bí Èkó ti ṣe ní ọdún 2014. Ìjọba wọn mú SORMAS tí ó gba Èkó kọjá, ó náwó lé e, ó gba àwọn ilé-iṣẹ́ ní Jámánì láti máa gbé e kalẹ̀, láti máa tọ́jú rẹ̀ àti láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn olórí ìjọba ibẹ̀ fẹnu kò pé kí gbogbo ọ́fíìsì ìlera ìbílẹ̀ gbà á. Ọ̀pọ̀ kọ̀ nítorí èyí tí ó ti mọ́ wọn lára. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó mọ́ ènìyàn lára yìí kò mọ funfun, kò mọ dúdú.

Bí owó ìtọ́jú SORMAS ṣe ń rìn nìyẹn. Aláìsàn Èkó àti òṣìṣẹ́ ìlera tí ó ń kan ilẹ̀kùn wọn ni wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí ó mọ̀. Owó títún un kọ àti títọ́jú rẹ̀ ń wọ ọwọ́ àwọn tí ó mọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Jámánì. Kò sí ìwà olè níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá tún ṣe lọ́hùn-ún wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún Nàìjíríà láti mú, láìsan kọ́bọ̀. Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ náà wà níbẹ̀ bákan náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, fún ọmọ iṣẹ́ èyíkéyìí ní Ṣáṣá tí ó bá ní kọ̀ǹpútà, iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, àti ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á.